ÒMÌNIRA LÁÌSÍ ILẸ̀: Ẹ̀KỌ́ NÍPA OKO ÀJỌPÍN NÍ GÚÚSÙ AMẸ́RÍKÀ LẸ́YÌN ÒPIN OKO ẸRÚ

Ó wọ́pọ̀ láàárín wa láti máa sọ̀rọ̀ òpin oko ẹrú bí ẹni pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni: a ka òfin sí etí àwọn ènìyàn, ẹ̀wọ̀n já, ẹrú sì di òmìnira. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ́ ọ fún àwọn ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀ níwọ̀n bí ó ti mọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè, èyí tí í ṣe pé, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, tí ẹni tí a dá sílẹ̀ jí, kí ni ó jẹ? Orí ilẹ̀ ta ni ó dúró lé? Ta ni ó ni ahéré tí ó sùn, ọkọ́ tí ó fẹ́ gbé, àti irúgbìn tí ó fẹ́ gbìn? Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí a ó wá ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ẹrú tí wọ́n tó nǹkan bí 4,000,000 gbé gba òmìnira láàárín ọdún 1863 sí 1865. Àwọn mélòó kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Yorùbá, a ó sì sọ ti ọ̀kan nínú wọn kí a tó dákẹ́.

Kò sí ẹni tí ó mọ ìdáhùn náà ju àwọn tí ọ̀ràn kàn lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1865, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà kò tíì parí, Ọ̀gágun Sherman àti Stanton, ẹni tí í ṣe akọ̀wé ìjọba fún ọ̀ràn ogun, ránṣẹ́ pe 20 nínú àwọn aṣáájú ìjọ àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú Savannah, ní Georgia, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Onítẹ̀bọmi àti Mẹ́tọ́díìsì ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n inú wa dùn láti rí i nínú àkọsílẹ̀ pé James Porter, ẹni tí ń ka ìsìn ní ìjọ Stéfánù Mímọ́ ti Episcopal, èyí tí í ṣe ìjọ Áńgílíkà ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà láàárín wọn pẹ̀lú. Garrison Frazier, àgbàlagbà ẹni ọdún 67, ni wọ́n yàn láti jẹ́ agbẹnusọ wọn. Ẹrú ni òun fúnra rẹ̀ títí di ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí ó fi 1,000 dọ́là, ní wúrà àti fàdákà, ra ara rẹ̀ àti aya rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ni oko ẹrú. Ó dáhùn pé òun ni kí ènìyàn fi agbára tí a kò lè kọ̀ gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí ìfẹ́ olúwarẹ̀. Wọ́n tún bi í bí àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò ti ṣe lè tọ́jú ara wọn. Kò béèrè owó, kò sì béèrè oúnjẹ. Ilẹ̀ ni ó ní kí a fi wọ́n sí, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ro ó, títí wọn yóò fi lè rà á kí ó sì di tiwọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin Sherman pàṣẹ pé kí a ya àwọn erékùṣù àti ilẹ̀ etí òkun sọ́tọ̀, láti Charleston títí dé odò St. Johns ní Florida, kí a sì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tí kò ju 40 éékà lọ. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹfà ọdún náà, nǹkan bí 40,000 ènìyàn ti tẹ̀dó sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti pa Ààrẹ Lincoln ní oṣù kẹrin. Andrew Johnson, ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí dárí ji àwọn olówó ẹrú tí wọ́n ti ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba, ó sì pàṣẹ pé kí a dá ilẹ̀ wọn padà fún wọn. Ní oṣù kẹwàá a rán Ọ̀gágun Howard, ọkùnrin tí ogun ti gba apá rẹ̀ kan, lọ sí erékùṣù Edisto láti sọ fún àwọn ènìyàn náà, nínú ilé ìsìn tí wọ́n péjọ sí, pé ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ro kì í ṣe tiwọn mọ́. A kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa yóò fẹ́ kí a rán òun ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn náà gbé bàjẹ́. Òfin tí ó fi òpin sí oko ẹrú jákèjádò Amẹ́ríkà fìdí múlẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1865 kan náà. Ó dá ara sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rárá. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ kò ní òṣìṣẹ́ mọ́, ẹni tí ó ní apá kò ní ilẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì ní owó lọ́wọ́, nítorí ogun ti sọ owó ìjọba gúúsù di ìwé lásán. Ohun tí àwọn onílẹ̀ kọ́kọ́ gbìyànjú láti ṣe ni pé kí wọ́n dá ìgbà àtijọ́ padà ní orúkọ mìíràn. Ní Mississippi wọ́n ṣe òfin ní ìparí ọdún 1865 pé kí ènìyàn dúdú kọ̀ọ̀kan máa ní ìwé lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí yóò fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún tó pé yóò pàdánù owó iṣẹ́ tí ó ti ṣe. Ẹni tí a bá sì rí láìníṣẹ́, a ó bu owó ìtanràn fún un, bí kò bá sì rí i san, a ó fi í fún ẹni tí yóò san án, kí ó máa sin onítọ̀hún.

Àwọn tí a dá sílẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ̀ láti tún jí nípa ìró agogo kí wọ́n sì tò lọ sí oko lábẹ́ pàṣán alábòójútó. Olúkúlùkù fẹ́ oko tirẹ̀ pẹ̀lú aya àti ọmọ rẹ̀; ọ̀pọ̀ ọkọ kò fẹ́ kí aya wọn wà lábẹ́ àṣẹ ọkùnrin mìíràn mọ́, ọ̀pọ̀ ìyá sì fẹ́ kí ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Nínú ìjà yìí, láàárín ẹni tí kò fẹ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀ àti ẹni tí kò fẹ́ ṣe ẹrú mọ́, ni a ti bí ìṣe tí à ń sọ yìí: kí onílẹ̀ pín ilẹ̀ ńlá rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ìdílé kan gba ibì kan ro, kí wọ́n sì jọ pín ìkórè. Nítorí pé èdè wa kò ní orúkọ pàtó fún un, oko àjọpín ni a ó máa pè é. Kí a má ṣe gbàgbé pé ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àwọn tí a dá sílẹ̀ náà fẹ́ ẹ. Wọ́n rí i bí àtẹ̀gùn kan sí ilẹ̀ tiwọn.

Bí ó ti rí nìyí. Onílẹ̀ a mú ilẹ̀ wá, àti ahéré, ìbaaka, ohun èlò oko àti irúgbìn. Àgbẹ̀ a mú ara rẹ̀ àti gbogbo ilé rẹ̀ wá. Bí òwú bá gbó, ìdajì jẹ́ ti onílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìbaaka àti ohun èlò tirẹ̀ ní àdéhùn tí ó sàn jù: ìdámẹ́rin òwú àti ìdámẹ́ta àgbàdo ni onílẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí dé ibẹ̀ kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Àwa náà mọ ìṣákọ́lẹ̀, a sì mọ̀ pé ẹni tí ó ro ilẹ̀ onílẹ̀ kò lè jẹ ẹ́ gbé.

Ṣùgbọ́n a kì í jẹ òwú. Láti oṣù kẹta tí a ń túlẹ̀ títí di ìgbà tí òwú yóò là, kí ni ìdílé yóò máa jẹ? Àwìn ni. Onílẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí oníṣòwò kan nítòsí, a máa fún wọn ní ìyẹ̀fun àgbàdo, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, aṣọ àti bàtà láwìn, òfin sì fún un ní ẹ̀tọ́ lórí òwú náà ṣáájú kí ó tó hù láti inú ilẹ̀. Iye méjì ni ọjà kan ní nínú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, iye ti ẹni tí ó mú owó lọ́wọ́, àti iye ti ẹni tí ó rà láwìn. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Roger Ransom àti Richard Sutch, yẹ ọ̀ràn yìí wò ní Georgia fún àwọn ọdún 1881 sí 1889, wọ́n sì rí i pé èlé tí ó fara pamọ́ sínú iye àwìn náà tó nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan. Bí àgbẹ̀ bá ní òun fẹ́ gbin àgbàdo àti ẹ̀wà kí ó lè dín àwìn kù, oníṣòwò a kọ̀, nítorí òwú ni ó ń di owó; nítorí náà a máa ń gbin òwú títí dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan kí ó lè yé wa. Àpẹẹrẹ lásán ni, ṣùgbọ́n ó bá ìṣe ìgbà náà mu. Ní ọdún 1894 iye owó òwú já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀n pọ́n-ùn kan kò fi tó sẹ́ńtì 5. Ká ní sẹ́ńtì 5 gan-an ni a san. Ìdílé kan ká òwú ìdì 8, ìdì kọ̀ọ̀kan wọn 500 pọ́n-ùn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 200 dọ́là. Onílẹ̀ mú 100, ó ku 100. Ọjà tí iye rẹ̀ jẹ́ 70 dọ́là ni wọ́n jẹ láti oṣù kẹta wá. Pẹ̀lú èlé àwìn ó di 112. Nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, tí a pè wọ́n wá gbọ́ ìṣirò, a sọ fún baba, ìyá, àti àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ kùtù di alẹ́ fún odidi ọdún kan, pé wọ́n jẹ gbèsè 12 dọ́là, àti pé a ó gbé e sínú ìwé ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ kíyèsí i pé nínú àpẹẹrẹ tiwa a kà á sí pé onílẹ̀ náà jẹ́ olóòótọ́. Bí kò bá jẹ́ olóòótọ́ ńkọ́? Ẹni tí ó bá mọ ìṣe àwọn baba wa lè sọ pé, Èyí kò ha jọ ìwọ̀fà? Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wọn ni ó yẹ kí a wò dáradára. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣe làálàá láti fi hàn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú: níwájú ẹlẹ́rìí ni a ti ń ṣe àdéhùn náà, onígbọ̀wọ́ sì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró fún èlé. Kò dín owó tí a yá kù, ṣùgbọ́n owó náà kò sì gbọdọ̀ pọ̀ sí i. Ọjọ́ tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá kó iye náà jọ, ọjọ́ náà ni ó bọ́. A kò wí èyí láti yin ìwọ̀fà, nítorí ó ní ìbànújẹ́ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì dàgbà sínú gbèsè tí kì í ṣe òun ni ó jẹ ẹ́. Ohun tí a ń wí ni pé ìwọ̀fà mọ iye tí ó wà lọ́rùn rẹ̀. Àgbẹ̀ oko àjọpín kò mọ̀ ọ́n, kò sì ní onígbọ̀wọ́. Ẹni tí ó fún un láwìn ni ó kọ gbèsè sílẹ̀. Òun ni ó wọn òwú, òun ni ó tà á, òun ni ó sì ka ìwé náà sí i létí. Ní ìgbà oko ẹrú, òfin Alabama àti Georgia ti ka kíkọ́ ẹrú ní ìwé léèwọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a dá sílẹ̀ kò lè ka ohun tí a kọ. Ẹni tí ó sì lè kà á, bí ó bá sọ pé ìṣirò náà kò pé, ó ti pe aláwọ̀ funfun ní òpùrọ́, ó sì lè kú nítorí rẹ̀.

Ó lè ṣe ẹlòmíràn ní kàyéfì pé kí ló dé tí wọn kò fi sá lọ. Ọ̀pọ̀ sá lọ. Ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan ni ìdílé púpọ̀ ń kó ẹrù wọn láti oko onílẹ̀ kan sí ti òmíràn. Ṣùgbọ́n òfin ń lépa ẹni tí ó bá jẹ gbèsè. Láti ọdún 1867 ni ìjọba àpapọ̀ ti ka fífi ipá mú ènìyàn ṣiṣẹ́ nítorí gbèsè sí ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀ Alabama tún òfin rẹ̀ ṣe ní ọdún 1903 pé ẹni tí ó bá gba owó àsansílẹ̀ fún iṣẹ́, tí ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láì san owó padà, kí a kà á sí ẹlẹ́tàn, a kò sì ní gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ lórí ohun tí ó ní lọ́kàn. Alonzo Bailey, alágbàṣe oko kan, gba 15 dọ́là ṣáájú, ó ṣiṣẹ́ oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀, ó sì lọ. Ilé-ẹjọ́ bu owó ìtanràn fún un, àìrí i san sì mú kí ó gba ìdájọ́ iṣẹ́ líle fún ọjọ́ 136. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà fagi lé òfin Alabama náà ní ọdún 1911.

Ǹjẹ́ oko ẹrú ni oko àjọpín í ṣe nígbà náà? A kò ní sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tí wọ́n rí méjèèjì kò sọ bẹ́ẹ̀. A kò lè ta ọmọ àgbẹ̀ lójú rẹ̀. Ìgbéyàwó rẹ̀ dúró lábẹ́ òfin. Ó lè kọ́ ilé ìsìn, ó sì lè rán ọmọ lọ kàwé ní oṣù tí òwú kò bá pè é. Àwọn aláwọ̀ funfun tálákà pẹ̀lú wọ inú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tí gbèsè sì mú wọn bákan náà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gun àtẹ̀gùn náà dókè. Ní ọdún 1910 àwọn àgbẹ̀ dúdú tí wọ́n ní ilẹ̀ tiwọn ní Amẹ́ríkà ju 200,000 lọ, a kò sì mọ bí a ti lè yìn wọ́n tó. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀rọ̀ Garrison Frazier ṣe òṣùwọ̀n, pé kí a gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí ìfẹ́ rẹ̀, nígbà náà a gbọ́dọ̀ wí pé púpọ̀ nínú ohun tí a pè ní òpin kò tíì dópin. Pàṣán ni a gbé sílẹ̀, a sì mú ìwé ìṣirò.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Elaine, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, fi èyí hàn. Ní ọdún 1919 iye òwú ga gidigidi, àwọn àgbẹ̀ sì mọ̀ pé èrè yẹ kí ó wà fún wọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì lọ bá agbẹjọ́rò kí ó lè gba ìwé ìṣirò tí yóò to ohun gbogbo lẹ́sẹẹsẹ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀: ohun tí a rà, iye rẹ̀, ìwọ̀n òwú, àti iye tí a tà á. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, bí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé ní ilé ìsìn kan ní Hoop Spur, ìbọn dún láàárín wọn àti àwọn kan tí wọ́n wá láti òde, a sì pa aláwọ̀ funfun kan. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e àwọn jàǹdùkú, àti lẹ́yìn wọn àwọn ọmọ ogun, tú sínú oko. Àwọn tí ó ka òkú àwọn ènìyàn dúdú kò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ní ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún, àwọn mìíràn ní ó ju 200 lọ. A dá ikú fún àwọn àgbẹ̀ 12. Agbẹjọ́rò dúdú kan, Scipio Africanus Jones, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹrú, gbé ọ̀ràn wọn dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ó sì borí ní ọdún 1923. Kí oṣù kìíní ọdún 1925 tó parí, gbogbo àwọn 12 náà ti bọ́ lọ́wọ́ ikú, wọ́n sì ti jáde.

Bí oko àjọpín ti parí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1933 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí san owó fún àwọn onílẹ̀ kí wọ́n dín gbígbin òwú kù, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ sì lé àwọn àgbẹ̀ wọn jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń ká òwú dé. Ọ̀kẹ́ àìmọye sì ti kọrí sí àwọn ìlú àríwá bíi Chicago àti Detroit.

A ti ṣèlérí láti sọ ti ọmọ ilẹ̀ wa kan. Ní ọdún 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ fún ọdún 52, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah lọ sí Mobile, ní Alabama. Kossola, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis, wà nínú wọn. Nígbà tí òmìnira dé, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ Timothy Meaher, ẹni tí ó rán ọkọ̀ náà. Ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ gba owó, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ra ilẹ̀. Kossola ra tirẹ̀ ní ọdún 1872, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sì ń jẹ́ Africatown títí di òní.

Àwọn tí a tà sí àárín ilẹ̀ kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọmọdébìnrin kan, Àbákẹ́, ẹni nǹkan bí ọdún méjì, bá ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ilà Yorùbá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. A tà méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ibòmíràn, wọn kò sì fojú kàn wọ́n mọ́. Àwọn àgbà a máa wí pé ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀. Ti Àbákẹ́ ni pé òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ di ẹrú. Nígbà tí òfin dá wọn sílẹ̀, ó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, wọ́n sì wọ oko àjọpín ní Alabama níbẹ̀, pẹ̀lú ìyá tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ka ìṣirò. Ibẹ̀ ni ó dàgbà sí, ó sì bí ọmọ 14. Matilda McCrear ni orúkọ tí a kọ fún un. Ní ọdún 1931, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó rin ìrìn máìlì 15 lọ sí ilé-ẹjọ́ ní ìlú Selma, ó sì ní kí a san ohun kan fún òun nítorí pé a jí òun gbé láti ilẹ̀ àwọn baba òun. Adájọ́ kò fún un ní ohunkóhun. Ó kú ní Selma ní oṣù kìíní ọdún 1940, òun sì ni a mọ̀ nísinsìnyí pé ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí Clotilda kó.